Ohùn Tó Ń Hó Bí Àkàrà Nínú Epo

Ilé Alhaji Yàhàyá,
Ẹ̀yìn Ọjà Tuntun,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo sì kí ọ̀nà tí lẹ́tà yìí máa gbà dé Òmù-Àrán. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé orúnkún ọ̀tún tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òjò ti jẹ́ kí o sinmi, àti pé Ìyá Dámiláre ń gbádùn. Tí o bá bèèrè wa, a wà níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Salimat ìyàwó mi ní kí n kí yín dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kò tíì wálẹ̀, o máa rí ẹ̀rí ìyẹn níwájú.

Ìròyìn tó wà lẹ́nu mi kò jẹ́ kí n lè kí ọ pẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdòwú, etí mi ti gbọ́ ohun tí o sọ fún wa lọ́jọ́sí. Mo ti gbọ́ ohùn tí kọ̀ǹpútà sọ di nọ́ńbà, tí rédíò gbé la aṣálẹ̀ kọjá, tí kọ̀ǹpútà mìíràn sì tún sọ di ohùn ènìyàn nínú yàrá mi. Kò sí híhó, kò sí súfèé, kò sí ariwo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan ní ìlú Sfax, ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà, mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ mímí yẹn. Èmi àgbàlagbà yìí fò sókè lórí àga bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà Iléyá fún. Fìlà mi bọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù kí n sọ ọ́. Mo mọ bí ó ṣe máa rí. Mo máa sọ̀rọ̀, ìwọ máa ní, "Kò sí wàhálà, Àáfáà," a ó sì gé e. Ó ti pẹ́ tí o ti ń fi "kò sí wàhálà" ti ilẹ̀kùn mọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́tà ni o kò lè gé mọ́ mi lẹ́nu. Dírẹ́bà tó gbé e wá tún gbé ẹrù kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀, tí mo fi aṣọ wé. Jọ̀wọ́, má tíì tú u. Ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí etí mi. Ó ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé mo ṣì lè gbọ́ ẹni tó bá kọjú sí mi, ṣùgbọ́n lórí rédíò, ìṣòro ni. O mọ bí ariwo ṣe ti pọ̀ sí i lórí afẹ́fẹ́ ní Ìlọrin yìí. Láti ìgbà tí gbogbo ilé ti di iná oòrùn àti bátìrì, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù Táíwò Road ń tan ínfátà láti àárọ̀, kí n tan rédíò báyìí, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí páànù ni. Àwọn ènìyàn wà lábẹ́ òjò náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo mọ́. Èmi tí mo ti ń bá ará Jàpáànù sọ̀rọ̀ nígbà tí ìwọ ṣì ń kọ́ láti fi òjé jó wáyà! Ìyẹn ni mo máa ń wí tẹ́lẹ̀, àbí? Mo ti fi ọ̀rá wé máìkì mi, mo ti gbé e sínú àpótí aṣọ. Mo ti gbà pé ó parí.

Nusaybah ni kò gbà. O rántí Nusaybah, ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí tí rédíò wà ní pípa níwájú mi, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe rédíò tó lágbára ju èyí lọ lẹ nílò. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín gbọ́ ọ." Ó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mú ohùn ènìyàn jáde láti abẹ́ ariwo tí etí kò lè là kọjá. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ó wá ní, "Ṣebí ohun tí Bàbá Dámiláre fẹ́ fi hàn yín nígbà náà nìyẹn?"

Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó.

Ìdòwú, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí o kò mọ̀. Ṣùgbọ́n o kò tíì gbọ́ ọ láti ẹnu mi rí, nítorí náà fara dà á fún mi. Ní yàrá ẹgbẹ́ àwa tó ń fi rédíò pe ará òkèèrè, ní GRA, ni, èmi ni alága. O gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, o fi àpótí kékeré kan tí o fọwọ́ ara rẹ kàn sínú agolo tíì so ó mọ́ rédíò ẹgbẹ́. O sọ fún gbogbo wa pé ìgbà ń bọ̀ tí ohùn máa rìn lórí ṣọ́ọ̀tì-wéfù bíi nọ́ńbà, tí ẹni tó wà ní òkèèrè á gbọ́ ọ bí ẹni pé inú yàrá kan náà lẹ jọ wà. Lẹ́yìn náà o tẹ bọ́tìnì. Ohun tó jáde láti inú rédíò kékeré tó wà lójú fèrèsé kò jọ ohùn ènìyàn rárá. Ó ń hó ṣàà bí ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n dà sínú epo gbígbóná. Mo ní, "Ẹ wò ó, Tíṣà Ìdòwú ti di alákàrà. Ẹ mú búrẹ́dì wá o." Mùsílíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé e.

O kò rẹ́rìn-ín, o kò bínú. Ò ń wo kọ̀ǹpútà rẹ, o di ẹ̀rọ mọ́ etí, o wá gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí a dákẹ́, nítorí pé ẹnìkan ti ń dá ọ lóhùn. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn, tí mo sì ń sọ fún ara mi, pé n kò mọ̀ pé ẹnìkan ń dáhùn. Irọ́ ni. Mo rí ọwọ́ tí o gbé sókè. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń sọ, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní àmì náà nígbà tí a jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìró Mọ́ọ̀sì. Mo rí i, mo sì na ọwọ́, mo fa wáyà náà yọ.

Ìlara ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Èmi ni mo fi rédíò ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwọ, tíṣà físíìsì, lo wá dúró lójú mi tí o ń sọ ohun tí n kò mọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń sún mọ́ ọ láti gbọ́. N kò lè gbà á. Mo sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ kí ó má baà di òótọ́. O kó kọ̀ǹpútà rẹ, o sọ pé ó dàárọ̀, o lọ. A kò rí ọ ní ẹgbẹ́ mọ́, a kò sì gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún gbé orúkọ yẹn dé ibi ìgbéyàwó Dámiláre. Níwájú àwọn àna rẹ ni mo ti ń pè ọ́ ní "Alákàrà orí afẹ́fẹ́", tí mo ń retí kí ìwọ náà pè mí ní "Àáfáà Wáyà" bí o ti máa ń ṣe, kí a jọ rẹ́rìn-ín. O kàn bu omi fún mi mu. Omi yẹn kò tíì tán lọ́nà ọ̀fun mi, Ìdòwú.

Nígbà tí Nusaybah ti bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, mo lọ sí yàrá ẹgbẹ́. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí a máa ń kó wáyà jákujàku sí, mo sì rí agolo rẹ ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ páńkà tó ti bàjẹ́. O gbàgbé rẹ̀ ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀? Ìwọ nìkan lo mọ̀. Agolo náà ti dípẹtà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ibi tí o ti fi òjé jó wáyà ṣì ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wáyà kan ṣoṣo ló já, èyí tí mo fà. Mo gbé e wálé lábẹ́ agbádá bí ẹni tó jí ẹran.

Mo jó wáyà náà mọ́ ọn pa dà, mo so agolo mọ́ àárín rédíò àti kọ̀ǹpútà Nusaybah, òun sì fi ètò tó ń yí ohùn sí nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ó tún fi ojú ìwé kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. O mọ̀ ọ́n, mo ti wá mọ̀ báyìí pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bí ó ti rí lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbogbo ẹni tó bá tan ètò náà káàkiri ayé ló ń hàn síbẹ̀: orúkọ ìpè rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, ìlú rẹ̀, ibi tó wà lórí rédíò, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ tàbí ó kàn ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni sì lè kọ ọ̀rọ̀ ṣókí síwájú orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó dà bí iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí o lè fi ojú wá ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, kí o tó mọ ẹni tí o máa kí. Láyé àtijọ́, inú òkùnkùn la máa ń pè sí. Nísinsìnyí mo ń rí wọn. Ará Sípéènì ni èyí, ará Ítálì ni tọ̀hún. Inú mi dùn débi pé mo ń ka orúkọ wọn sókè fún Salimat nínú ilé ìdáná. Ó ní ṣé gbogbo wọn ló máa jẹun ni.

Láàárín Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè, nítorí pé ìgbà náà ni ìgbì rédíò tí à ń pè ní mítà ogójì máa ń ṣí sí ìhà àríwá láti ọ̀dọ̀ wa. Mo tú máìkì mi sílẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo pè, mo gbọ́, mo tún pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ojú ìwé náà fi hàn pé ènìyàn ń gbọ́ lórí ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tó rí ohùn mi mú. Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Kí ni alágídí á ṣe? Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ rédíò ni mo ṣe: mo fi kún un. Mo yí bọ́tìnì máìkì sókè, mo yí ti kọ̀ǹpútà sókè, mo ń pariwo débi pé ọlọ́jà tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé mi yà wò mí. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, iná pupa tó wà lójú rédíò á tàn fòò, inú mi á dùn, mo rò pé agbára nìyẹn.

Salimat fa aṣọ ìlẹ̀kùn sẹ́yìn. Ó tẹ́tí sí ariwo tó ń jáde láti inú rédíò kékeré tí mo fi ń ṣọ́ ara mi, ó ní, "Ẹ̀yin Alhaji, ṣé àkàrà tí ẹ fi ń bú Bàbá Dámiláre náà lẹ wá ń dín nínú ilé mi yìí? Tirẹ̀ kúkú ti fẹ́ jinná kí ẹ tó da epo rẹ̀ nù." Ó sọ aṣọ ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ kan yọ lójú ìwé náà. Ẹnìkan ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí n kò kà á sí. Kò kọ orúkọ ìpè, kò kọ ìlú, ó kàn fi hàn pé Nàìjíríà ni òun wà àti pé gbígbọ́ nìkan ni òun ń gbọ́. Ẹni náà wá kọ ọ́ ní Yorùbá, láàárín gbogbo Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó kún ibẹ̀: "Dín iná kù. Epo rẹ ti gbóná jù, àkàrà ń jó."

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo tún un kà. Ìdòwú, ta ló kù láyé yìí tó lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi?

Mo yí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà wálẹ̀. Mo yí ti máìkì wálẹ̀. Iná pupa náà dín kù, ó dín kù, ó kú. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti gbà pé tí iná yẹn bá kú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi. Ó wá yé mi nígbà náà pé ohùn tí a sọ di nọ́ńbà kò fẹ́ títì. Tí o bá tì í jù, àwọn nọ́ńbà náà á máa gun orí ara wọn, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò sì ní rí nǹkan kan tò pọ̀. Mo sún mọ́ máìkì, mo pe orúkọ ìpè mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnì.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ mímí yẹn. Obìnrin kan wí pé, "Àsàláámù àléékúmù, Ìlọrin. Àsmá'ù ni orúkọ mi, láti Sfax. Mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé o wà nínú ilé ìdáná mi."

Mo fèsì sálámà. Apòògùn ni Àsmá'ù, ilé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́bàá òkun. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, a sì fi Lárúbáwá tí wọ́n nà mí kọ́ ní ilé kéwú dí àwọn ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dé. Nígbà mìíràn ìgbì rédíò á rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í há, kì í dàpọ̀ mọ́ ariwo. Ó kàn máa ń dákẹ́ bí ẹni pé ó ń ronú, á sì tún pa dà bọ̀, mímọ́ gaara. Mo gbọ́ tí ọmọ kan sọ ṣíbí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ṣíbí, Ìdòwú, láti etí òkun Tùnísíà, pẹ̀lú etí tí kì í gbọ́ aago ilẹ̀kùn ilé ara mi. Nusaybah dì mọ́ mi léjìká, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Salimat pàápàá jókòó sórí ibùsùn, kò sọ ohunkóhun, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu kejì lọ́jọ́ náà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àsmá'ù pé ó dúró gbọ́ mi. Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, pé wọ́n rán òun ni. Mo ní ta ló rán an. Ó ní ẹnìkan láti orílẹ̀-èdè mi ni, tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ó máa ń wá gbọ́ òun àti àwọn yòókù lórí afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí á sì kọ ọ́ sí wọn bí ohùn wọn ṣe dún sí. Ẹni náà ti kọ̀wé sí i pé àgbàlagbà kan ń pè láti Ìlọrin, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, pé kí ó bá òun yí áńténà rẹ̀ sí gúúsù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ náà fún mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Ó ní alágídí ni ọ́, pé wàá kọ́kọ́ ṣe é lódì, kí n mú sùúrù. Ó ní tí o bá ti ṣe é dáadáa, n kò ní rí ẹni tó mọ rédíò jù ọ́ lọ láti ibí dé Kóńgò."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹni náà kò fi bá mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun náà bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó fi dá òun lóhùn ni pé, "N kò ní ohun tí mo lè fi sọ̀rọ̀."

Mo wo orí tábìlì. Agolo rẹ wà níbẹ̀, láàárín rédíò mi àti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Mo mọ̀ pé o lè kan òmíràn láàárín ọ̀sán kan. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Tí o kò bá kàn án, kì í ṣe pé o kò lè ṣe é. Èmi ni mo fa wáyà rẹ yọ, o sì fi í sílẹ̀ ní yíyọ, síbẹ̀ o kò yé gbọ́ àwọn ènìyàn, o kò yé ràn wọ́n lọ́wọ́, títí tó fi kan èmi tí mo ṣẹ̀ ọ́. Nígbà tí mo ń wá ẹni tó máa dá mi lóhùn, ìwọ lo wá a fún mi. Kí Àsmá'ù tó kí mi pé ó dàbọ̀, mo wo ojú ìwé náà. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ náà ti kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ pàdé. Mo dìde, mo sọ fún wọn bí mo ti sọ fún ọ lókè yìí: pé ẹnìkan ń dá ọ lóhùn, pé mo rí ọwọ́ rẹ, pé mo fa wáyà. N kò fi ẹ̀rín sí i. Mùsílíù tẹ orí ba, ó ní òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n má dá nìkan ru ú. Mo bẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní Alákàrà mọ́, àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá gbà á. Lẹ́yìn náà mo fi ohùn Àsmá'ù tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì ní kí n tún un fi sí i. Àwọn tí kò tíì dara pọ̀ mọ́ wa nígbà náà ń bi mí pé ta ló kan agolo náà. Mo pe orúkọ rẹ, mo sì pè é tán: Tíṣà Ìdòwú ti Òmù-Àrán.

Mo bẹ̀ ọ́, Ìdòwú. Mo bẹ̀ ọ́ fún ọjọ́ tí mo fa wáyà, mo bẹ̀ ọ́ fún ibi ìgbéyàwó, mo bẹ̀ ọ́ fún gbogbo ìgbà tí mo fi ẹ̀rín bo ohun tí mo mọ̀. N kò ní kí o sọ pé kò sí wàhálà. Wàhálà wà, èmi ni mo dá a sílẹ̀.

O lè tú ẹrù náà báyìí. Agolo rẹ ni. Ohun rẹ ti pa dà sọ́wọ́ rẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èmi kò ní òmíràn, n kò sì fẹ́ kí Nusaybah rà á fún mi. Wáyà lásán tó ti ibi etí rédíò wọ inú kọ̀ǹpútà ti tó mi láti gbọ́. Ní ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kí ìrun Mọ̀gàríbì tán, mo máa jókòó síwájú rédíò lórí mítà ogójì, níbi tí o ti ń gbọ́ mi tẹ́lẹ̀. Òmù-Àrán kò jìnnà jù fún un ní àsìkò yẹn. N kò lè pè ọ́, ìwọ nìkan lo lè pè mí. Tí o bá fẹ́ bú mi, bú mi tẹ́ ara rẹ lọ́rùn. N kò lè dá ọ lóhùn, n kò lè já ọ lẹ́nu, kò sì sí wáyà kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fà. Tí o bá sì dákẹ́, mo máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà títí tí wọ́n á fi pe ìrun Ìṣáì, mo sì máa tún jókòó síbẹ̀ ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí alẹ́ rẹ tù ọ́ ju òwúrọ̀ rẹ lọ. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ilé Dámiláre àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí Ìyá Dámiláre má ṣe rí ohun tó máa pa á lẹ́kún. Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tó bá wù ọ́ láti lọ, kí etí àwa méjèèjì sì pẹ́ fún wa, ó kéré tán títí a ó fi gbọ́ ara wa. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tí kò sì yé jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Yàhàyá (Àáfáà Wáyà)

Àtẹ̀yìnkọ: Nígbà tí o bá ṣí agolo náà, wàá rí ibi tí mo ti jó wáyà tí mo fà pọ̀ pa dà. Ó burú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, ó rí gbágungbàgun bí èyí tí adìẹ yàgbẹ́ sí. Má tún un ṣe, jọ̀wọ́, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Àti pé tí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o pè mí, tí o sì fẹ́ kí n fèsì, agolo kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Àfi kí o gbé e wá sí Ìlọrin. Salimat ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ti rẹ ẹ̀wà de yín.